Ọ̀nà tèèyàn ń gbà di olùwádìí nínú ọ́gánííkì kẹ́mísírì àti kátálísíìsì, láti 400 level títí dé ìgbà tí wọ́n á máa pè yín ní Prof

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka kẹ́mísírì ní yunifásítì, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC tẹ́ ẹ wá ń wo ọ̀tún wo òsì, ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ o. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé orílẹ̀-èdè wo ló dáa jù láti lọ ṣe PhD nínú ọ́gánííkì (kẹ́mísírì àwọn èròjà tó ní carbon), pàápàá kátálísíìsì (ìmọ̀ nípa kátálístì, ìyẹn èròjà tó ń mú kí rìákíṣọ̀n yá láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán) tí gbogbo èèyàn ń sáré sí báyìí. Lójú tèmi ìyẹn kọ́ ló yẹ ká fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n ń wò lára èèyàn, èyí tí wọ́n ń wò níbí kọ́ ni wọ́n ń wò lọ́hùn-ún. Ní BSc, máàkì yín àti ọwọ́ yín ni. Ní PhD, ṣé ẹ lè gbé iṣẹ́ tí ọ̀gá bá fún yín débi tó máa parí. Ní postdoc (iṣẹ́ ìwádìí ọdún díẹ̀ lẹ́yìn PhD), ṣé ẹ ti kọ́ nǹkan tí ọ̀gá PhD yín ò mọ̀. Bẹ́ ẹ bá wá ń wá iṣẹ́ lẹ́kítọ̀, ó ku ẹyọ kan: kí lẹ fẹ́ wádìí tó jẹ́ tiyín gan-an? Ọ̀pọ̀ àwọn tó há sójú ọ̀nà ló mọṣẹ́ dáadáa o, ohun tí wọ́n fi yege ní ìpele àná ni wọ́n kàn ń gbé kiri ní ìpele òní.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà nílé

Máàkì ná. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo CGPA 5, 3.50 ni second class upper ti bẹ̀rẹ̀, 4.50 ni first class ti bẹ̀rẹ̀, 3.50 yẹn sì ni ọ̀pọ̀ sikọ́láṣíìpù fi ń ṣẹ́ èèyàn kù. Ẹni tó bá ní first class lè rí iṣẹ́ Graduate Assistant ní dìpátímẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn náà ọ̀nà ni. Ẹni tó bá bọ́ sí second class lower, kó lọ ṣe MSc nílé, kó ṣe é dáadáa, kó jẹ́ kí iṣẹ́ MSc yẹn jáde ní pépà (àpilẹ̀kọ nínú jọ́nà ìwádìí), ọ̀nà rẹ̀ kàn gùn sí i ni, kò dí.

IT ńkọ́? Oṣù mẹ́fà gbáko ni SIWES, àwọn kan á lọ lo oṣù mẹ́fà yẹn ní ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n màmá wọn torí pé ó sún mọ́ ilé, wọ́n á máa rán wọn lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì, wọ́n á wá kọ ìwé logbook kún fún irọ́. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ: àwọn ilé ìwádìí bíi FIIRO ní Ọ̀ṣọ́dì, CRIN tàbí IITA ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ọtí, ilé iṣẹ́ ọ̀dà, ilé iṣẹ́ oògùn. Kẹ́ ẹ tó gbà láti lọ, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀rọ wo ni wọ́n ní, ṣé wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ọmọ IT lò ó. Oṣù mẹ́fà nídìí HPLC tàbí GC (ẹ̀rọ tó ń ya èròjà inú àdàlù sọ́tọ̀), bó tiẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan náà lẹ ń ṣe lójoojúmọ́, ó níyì lójú ẹni tó fẹ́ gbà yín sí láàbù ju ìwé ẹ̀rí kọ́ńfáránsì méjìlá lọ.

Project wá ni. Níbi tí mo mọ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ́gánííkì tí wọ́n ń ṣe nílé wa ló dá lórí ewé àti èèpo igi: kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú methanol, kí wọ́n fi hexane àti ethyl acetate yà á, kí wọ́n gbé e sórí kọ́lọ̀mù (ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń ya èròjà sọ́tọ̀). Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe kátálísíìsì máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ yìí, wọ́n á ní ti àtijọ́ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya èròjà sọ́tọ̀ lára èèpo igi, tó mọ bí TLC (àyẹ̀wò kékeré lórí àwo pẹlẹbẹ) ṣe ń sọ fúnni pé nǹkan méjì ló wà níbi tójú rò pé ẹyọ kan ni, tó sì lè jókòó ti NMR (ẹ̀rọ tó ń fi bí mólíkù ṣe rí hàn) títí á fi mọ ibi tí hydrogen kọ̀ọ̀kan wà, ẹni yẹn ti mọ ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí PhD kátálísíìsì máa ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ní ọdún kìíní.

Kátálísíìsì gan-an sì wà nílé. Ṣé ẹ mọ eérú èèpo kòkó àti ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú? Ẹ̀yà potassium tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ bíi béèsì (òdìkejì ásíìdì), òun náà sì ni ọ̀pọ̀ láàbù ní Nàìjíríà ń lò láti sọ òróró di biodiesel (epo tó ń gbé ẹ́ńjìnnì diesel ṣiṣẹ́). Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọ́n á sun eérú, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ òróró àti methanol, wọ́n á ní ó fún àwọn ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, pépà ti jáde nìyẹn. Tí wọ́n bá gbé irú project bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má dúró síbẹ̀. Tí iṣẹ́ bá dé ìdajì, ẹ sẹ́ eérú yẹn kúrò nígbà tó ṣì gbóná, kẹ́ ẹ jẹ́ kí òróró àti methanol tó kù máa gbóná lọ, kẹ́ ẹ sì máa wò ó. Tí biodiesel bá ṣì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ eérú, a jẹ́ pé potassium tó ti yọ́ sínú methanol ló ń ṣiṣẹ́, eérú tẹ́ ẹ pè ní kátálístì líle yẹn kàn ń bá wọn dúró ni. Ẹ tún eérú yẹn lò lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ iye tó ń jáde sílẹ̀ bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹni tó bá lè sọ èyí ní íńtáfíù, kíá ni wọ́n á mọ̀ pé ó ti ń ronú bí ẹni tó ń ṣe kátálísíìsì.

Ẹni tí láàbù rẹ̀ ò ní nǹkan kan, tíná tún ń lọ tó ń bọ̀, ẹ gbìyànjú iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni ORCA, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí mólíkù ṣe ń ṣe, fún ọmọ yunifásítì, Frank Neese àtàwọn èèyàn rẹ̀ ló ń ṣe é ní Mülheim ní Jámánì, inú ọgbà ilé ìwádìí Max Planck tí kátálísíìsì ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. xtb náà wà, láti Bonn, ọ̀fẹ́ lòun náà. Láptọ́ọ̀pù tó mọ níwọ̀n lè gbé mólíkù kékeré. Ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mólíkù tó ní átọ́ọ̀mù 150 o, NEPA á mú iná lọ kó tó parí.

Wíwá àyè PhD

Ibí yìí ló jọ pé orílẹ̀-èdè ṣe pàtàkì díẹ̀, torí ọ̀nà ìwọlé yàtọ̀ síra. Amẹ́ríkà, BSc nìkan tó, ó máa ń gbà tó ọdún 5, ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì kẹ́mísírì níbẹ̀ ló ń san owó ilé ìwé fún yín tí wọ́n á tún máa san owó oṣù torí pé ẹ ó máa kọ́ àwọn ọmọ BSc ní láàbù. Dìpátímẹ́ǹtì lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀, ẹ̀yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ lẹ máa wá yan ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ wọn ò béèrè ìdánwò GRE mọ́. Jámánì, wọ́n á fẹ́ kẹ́ ẹ ní másítà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ lẹ máa kọ̀wé sí, òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa kà yín sí, ipele owó oṣù tí wọ́n ń pè ní TV-L E13, àmọ́ ìdajì rẹ̀ tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń san fún ọmọ PhD kẹ́mísírì, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. UK, ọdún 3 sí 4, ìṣòro ibẹ̀ ni owó. Láti 2021 ni UKRI, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí níbẹ̀, ti ń jẹ́ kí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè gba àyè wọn, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ọgọ́ọ̀rọ̀ èèyàn ló sì ń du ìdá 30 yẹn. Commonwealth Scholarship wà, PTDF ti Nàìjíríà náà wà. Ti ètò Marie Skłodowska-Curie ní Yúróòpù, owó ibẹ̀ dáa púpọ̀, àmọ́ ẹ ṣọ́ra: ẹ ò gbọ́dọ̀ tíì gbé ní orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ fẹ́ lọ fún ohun tó ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú. Ẹni tó ti ń ṣe másítà ọdún méjì ní Faransé ò lè fi í dúró sí Faransé, ṣùgbọ́n ó lè fi í lọ sí Spain tàbí Jámánì.

Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í lé transcript. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹni tó ti lé transcript rí mọ ohun tí mò ń wí. Ti Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń ti ìlẹ̀kùn, tó bá sì jẹ́ pé yunifásítì yín gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́ fúnra wọn, oṣù Kẹfà tàbí Keje ló yẹ kẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn. Tí wọ́n bá gbà yín síbi méjì, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà fi ẹnu kò sí fún ìdáhùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán yín lójú ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ímeèlì sí ọ̀gá wá ni, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘Respected Sir, I am a hardworking and highly motivated’, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ogójì èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í kà á dé ìlà kejì. Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ tiyín lóòótọ́, àmọ́ ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ rèé: ‘Mo ka iṣẹ́ tí gúrúùpù yín ṣe lórí nickel àti ìmọ́lẹ̀. Mo rí i pé nígbà tẹ́ ẹ dé orí àwọn bromide tó ní pyridine, iye tó ń jáde já wálẹ̀ gan-an. Ṣé nitrogen inú pyridine yẹn ló ń lọ dì mọ́ nickel ni, àbí nǹkan míì? Mo ti fi kọ́lọ̀mù ya èròjà sọ́tọ̀ nínú project MSc mi, mo lè ka NMR rẹ̀ fúnra mi, mo sì ti ń kọ́ ORCA. Oṣù Kẹsàn-án ni mo máa parí, mo ń wá àyè PhD.’ Ó tán. Kò gùn. Ẹ so CV olójú ewé méjì mọ́ ọn. Ẹni tó béèrè ìbéèrè nípa ibi tí iṣẹ́ ọ̀gá ti kùnà, ó ti fi hàn pé òun ka tábìlì inú pépà, kì í ṣe àkọlé nìkan. Tí wọn ò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, tí wọn ò bá tún dáhùn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ gbà, ẹ lọ sí wẹ́bsáìtì gúrúùpù yẹn, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ti lọ sí. Níbo ni wọ́n wà báyìí? Ọdún mélòó ni wọ́n lò? Ṣé àwọn kan wà tí wọ́n wọlé tí orúkọ wọn ò sí níbì kankan mọ́? Ẹ wá ẹni méjì nínú wọn, ẹ kọ̀wé sí wọn ní kọ̀rọ̀, ẹ bi wọ́n pé ó máa ń pẹ́ tó báwo kí ọ̀gá tó dá pépà padà, àti pé ta ló ń kọ pépà gan-an. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ọ̀gá tó gba Nobel tí kì í rí àyè bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tó ń dúró tì yín nídìí fume hood (àpótí tó ń fa èéfín kẹ́míkà síta), èmi á mú ẹnì kejì fún ẹni tó ń bọ̀ látibi tí kò ti sí ẹ̀rọ. Ẹlòmíì lè sọ pé irọ́ ni mò ń pa, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí nìyẹn.

Inú PhD gan-an

Ẹ jẹ́ ká mú Suzuki coupling, rìákíṣọ̀n tó ń so carbon mọ́ carbon, tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló ń fi bẹ̀rẹ̀. Aryl bromide kan, boronic acid kan, palladium (mẹ́tàlì tó jẹ́ kátálístì), lígáǹdì (èyí tó ń dì mọ́ mẹ́tàlì yẹn), béèsì, sólífẹ́ǹtì (olómi tí wọ́n ń yọ́ sí), ooru. Nǹkan méje ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lè yí padà, àwọn ọmọ tuntun sì máa ń yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà torí pé ọ̀gá ń béèrè èsì ní ọjọ́ Mọ́ńdè, tó bá wá dára wọn ò ní mọ èwo ló tún un ṣe. Ẹ yí ẹyọ kan padà lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì ṣe àwọn tí kò dùn ún ṣe: èyí tí kò ní palladium, èyí tí kò ní lígáǹdì, èyí tí kò ní béèsì. Mo ní kẹ́ ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kìíní o, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi pépà ránṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ní 2003, Nicholas Leadbeater gbé pépà jáde pé Suzuki coupling lè ṣiṣẹ́ láìsí mẹ́tàlì kankan. Gbogbo ayé pariwo. Nígbà tó di 2005, òun àtàwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló tún padà wá sọ pé sodium carbonate tí wọ́n rà lọ́jà ní palladium nínú, ó kéré títí dé 50 nínú bílíọ̀nù kan, ìyẹn náà sì tó láti ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Ó bọlá fún un pé òun fúnra rẹ̀ ló túṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ máa rò pé ayé ti kọ́gbọ́n, àmọ́ ní 2021 pépà míì tún jáde ní Nature Catalysis pé amine kan lásán ń ṣe Suzuki coupling, kí ọdún yẹn tó parí wọ́n ti fà á padà, palladium tó kù nínú amine yẹn látìgbà tí wọ́n ń ṣe é ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Palladium ò yàtọ̀ sí ata tó kù lára ọlọ, ẹ ò rí i, àmọ́ ẹni tó bá lọ nǹkan míì lórí rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lẹ́nu. Ó máa ń wọ inú ìlà tó ti ha sára stirring bar àtijọ́, ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń ro rìákíṣọ̀n. Torí náà, bẹ́ ẹ bá rí ohun tó jọ iṣẹ́ ìyanu, ẹ ra stirring bar tuntun, ẹ gba fláàsìkì tí kò tíì rí palladium rí, ẹ ra béèsì láti kọ́ńpìnnì míì, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè ṣe lórí ìdúró. Ẹ lo kátálístì 5 mol% (mólíkù kátálístì 5 fún ọgọ́rùn-ún mólíkù tẹ́ ẹ fẹ́ yí padà), ẹ rí 95%. Ẹnìkejì lo 0.1 mol%, ó rí 90%. Ta ló ṣe dáadáa jù? Tiyín, mólíkù kátálístì kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́ nígbà 19. Tirẹ̀, ìgbà 900. Ẹni tó ń wo yield (iye tó jáde) nìkan á rò pé ẹ̀yin lẹ borí. Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn tí wọ́n ń fi owó gidi ra palladium ò ní rò bẹ́ẹ̀. Ẹ sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ohun tẹ́ ẹ kó jáde tẹ́ ẹ wọ̀n ni àbí èyí tẹ́ ẹ rí lórí NMR, torí ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, àwọn tó ń yẹ pépà wò sì máa ń béèrè.

Nótíbúùkù: ọjọ́, iye, kọ́ńpìnnì tí kẹ́míkà ti wá, nọ́ńbà tó wà lára ìgò rẹ̀, àwọ̀ tó rí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọ̀ yẹn wúlò ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, palladium tó bá di dúdú tó sì ń rọ̀ sísàlẹ̀ ti kú nìyẹn, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìṣẹ́jú tó kú.

Ààbò náà o. Ní oṣù Kejìlá 2008, ní yunifásítì kan ní Los Angeles, ọmọbìnrin ẹni ọdún 23 kan ń fi syringe fa tert-butyllithium, ohun tó ń gbiná tó bá ti rí afẹ́fẹ́. Syringe yẹn tú, suwẹ́tà rọ́bà tó wọ̀ gbiná, kò wọ kóòtù láàbù, ó sì kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lo nǹkan yìí lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti lọ sílé, ẹ sọ pé rárá, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àmọ́ ẹ sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ dìpátímẹ́ǹtì ní Amẹ́ríkà máa ń ní kí ọmọ PhD kọ ìwé àbá ìwádìí kan tí kò jọ ti láàbù rẹ̀, kó sì jà fún un níwájú àwọn pirófẹ́sọ̀. Àwọn ọmọ máa ń kórìíra rẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ bákan ṣáá kí wọ́n lè kọjá. Ìyẹn gan-an ni ibi tẹ́ ẹ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọdún mẹ́fà sígbà yẹn. Kódà bẹ́ ẹ bá wà ní Jámánì tí ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí fáìlì kan, ẹ máa kọ èrò sínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ò ní wúlò, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.

Postdoc: ẹ má lọ tún PhD ṣe

Ó wọ́pọ̀ kí ẹni tó ṣe palladium nínú PhD lọ ṣe palladium nínú postdoc torí ibẹ̀ lara ti tù ú, pépà sì máa yára jáde. Ẹ wo àwọn tó débi gíga nídìí iṣẹ́ yìí. Akira Suzuki kúrò ní Hokkaido ní 1963, ó lọ bá Herbert Brown ní Purdue, ibẹ̀ ló ti kọ́ boron, ó gbé boron padà sílé ní 1965, nígbà tó sì di 1979 coupling tí gbogbo wa ń forúkọ rẹ̀ pè jáde látibẹ̀. Ei-ichi Negishi náà lọ sọ́dọ̀ Brown kan náà. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Richard Heck ló jọ gba Nobel ní 2010. Benjamin List, síńtẹ́sísì (bí wọ́n ṣe ń kọ́ mólíkù) ló fi ṣe PhD ní Frankfurt, ó parí ní 1997, ó wá lọ sí ilé ìwádìí Scripps ní Kalifọ́níà lọ kọ́ nípa antibody (èròjà tí ara fi ń gbógun ti àrùn) tó ń ṣe iṣẹ́ kátálístì. Ibẹ̀ ló ti ń bi ara rẹ̀ pé, bí antibody ràgàjì yìí bá jẹ́ pé amino acid (ègé kéékèèké tí wọ́n tò pọ̀ di antibody) díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kí ló dé tí amino acid ẹyọ kan ò lè dá a ṣe? Proline, ọ̀kan nínú àwọn amino acid, ló dán wò. Wọ́n sì ti lo proline rí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 o, kò sẹ́ni tó fi í ṣe nǹkan gidi lẹ́yìn ìgbà yẹn. David MacMillan, ará Scotland, síńtẹ́sísì ló ṣe lọ́dọ̀ Larry Overman ní Irvine, kátálísíìsì mẹ́tàlì ló lọ ṣe lọ́dọ̀ David Evans ní Harvard, nígbà tó wá gba láàbù tirẹ̀ ní Berkeley ní 1998, ó jù mẹ́tàlì sílẹ̀ pátápátá. 2000 ni pépà òun àti ti List jáde, 2021 ni Nobel dé. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó kàn ń bá iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ bó ṣe bá a.

Torí náà ẹ mú postdoc bí ibi tẹ́ ẹ ti lọ ra irinṣẹ́ kejì. Ẹni tó ṣe síńtẹ́sísì, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ìyára rìákíṣọ̀n. Ẹni tó ṣe mẹ́tàlì, kó lọ sí enzyme (kátálístì inú ohun abẹ̀mí) tàbí iná mànàmáná. Owó ńkọ́? Sikọ́láṣíìpù Humboldt ti Jámánì máa ń gba fọ́ọ̀mù nígbàkigbà nínú ọdún. Marie Curie ti postdoc, oṣù Kẹsàn-án ló sábà máa ń parí, òfin oṣù 12 nínú 36 wà níbẹ̀ náà. Ẹ bá ọ̀gá tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹta, kì í ṣe oṣù Kẹjọ tí gbogbo wọn ti lọ sí ìsinmi.

Ẹni tó bá wà ní Jámánì, ẹ mọ̀ pé aago kan ń lu lẹ́yìn yín: òfin WissZeitVG fún yín ní ọdún 6 ṣáájú PhD àti ọdún 6 lẹ́yìn rẹ̀ lórí iṣẹ́ oníwèé-àdéhùn ní yunifásítì. Tó bá parí tẹ́ ẹ ò tíì gba iṣẹ́ tó dúró, ẹ ó lọ sí ibòmíì ni. Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé ọdún karùn-ún ni wọ́n tó gbọ́.

Láàbù tiyín

Amẹ́ríkà, oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù fún assistant professor ń parí. CV, àbá ìwádìí méjì tàbí mẹ́ta, ìwé lórí bẹ́ ẹ ṣe ń kọ́ni, àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ ẹni mẹ́ta ó kéré tán. Bí àbá yẹn bá jọ ti ọ̀gá postdoc yín, wọ́n á mọ̀, torí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yẹn á ti mọ ọ̀gá yín. Fáìlì tí mo ní kẹ́ ẹ ṣí nígbà PhD, ìgbà tó wúlò nìyí. Tí wọ́n bá gbà yín, wọ́n á béèrè ohun tẹ́ ẹ nílò láti fi bẹ̀rẹ̀: fume hood mélòó, glovebox (àpótí tí afẹ́fẹ́ ìta ò lè wọ̀), àyè lórí NMR, owó ọmọ PhD méjì. Gbogbo rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ má fi ẹnu lásán gbà á. Nǹkan bí ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á dìbò lórí tenure (iṣẹ́ tó dúró) yín. Ní Jámánì, owó ìwádìí Emmy Noether wà, ipò Juniorprofessur (pirófẹ́sọ̀ kékeré) wà láti 2002, ẹni tó bá sì wà níbikíbi ní Yúróòpù lè du owó ìwádìí ERC Starting Grant tó lè tó 1.5 mílíọ̀nù yúrò.

Nílé, àtẹ̀gùn wa gùn: Graduate Assistant, Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, Professor. Ẹni tó ti ní PhD, tó ti ṣe postdoc, kó má gbà kí wọ́n fi òun sí Assistant Lecturer o, kó béèrè pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ará wa ní Benin àti Togo, CAMES, àjọ ẹ̀kọ́ gíga àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, ló ń gbéni gòkè lọ́dọ̀ tiwọn, láti Maître-Assistant sí Maître de Conférences sí Professeur Titulaire, ìgbìmọ̀ gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè yẹn ló sì ń yẹ fáìlì wò, kì í ṣe yunifásítì yín nìkan, torí náà pépà tó wà ní jọ́nà tí wọn ò mọ̀ ò ní ràn yín lọ́wọ́.

Ọdún kìíní nílé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rìákíṣọ̀n tó nílò argon (gáàsì tí wọ́n fi ń lé afẹ́fẹ́ jáde) lójoojúmọ́. Sílíńdà á tán, ẹni tó ń tà á á ní kẹ́ ẹ dúró dìgbà tí mọ́tò bá ti Èkó dé. Ẹ yan kátálístì tó lè fara da afẹ́fẹ́ àti omi. Ẹ máa sọ hexane àti ethyl acetate tẹ́ ẹ ti lò di mímọ́ padà kẹ́ ẹ lè tún un lò, owó tó ń ṣẹ́ kù pọ̀. Ẹ wá inverter tó lè gbé rotavap (ẹ̀rọ tó ń fa sólífẹ́ǹtì kúrò) àti vacuum pump, torí iná tó lọ láàárín kan lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan jẹ́. NMR, ẹ bá ọ̀gá postdoc yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ẹ ó máa fi nǹkan ránṣẹ́: kó gbẹ dáadáa, kó jẹ́ miligíráàmù mẹ́wàá ó kéré tán, ìwé kékeré kó wà pẹ̀lú ìgò kọ̀ọ̀kan tó sọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó jẹ́ àti sólífẹ́ǹtì tó lè yọ́ sí. Ẹni tó ti gba Humboldt rí tó padà sí orílẹ̀-èdè bíi tiwa lè béèrè fún owó ẹ̀rọ lọ́wọ́ wọn, TWAS, àjọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, náà ń ṣe irú rẹ̀, TETFund sì wà nílé. Ẹ kọ ti TETFund tó kéré jù lọ, èyí tó wà fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó gbójú lé ńlá, torí wọ́n á béèrè ohun tẹ́ ẹ fi kékeré ṣe.

Ọmọ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa gbà, ẹ fún un ní rìákíṣọ̀n tẹ́ ẹ ti mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, kó tún un ṣe títí iye tó ń rí á fi bá tiyín mu. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó fọwọ́ kan tuntun.